Ta Ló Kágò Kó Tó Gun Òkè?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ló ń yí lọ́kàn mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń gbèrò ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi wọn. Àwọn kan á ní Olúmọ ni àwọn ń lọ, àwọn kan á ní Òkè Ìdànrè, àwọn mìíràn á ní omi Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà tó ń já bọ́ láti orí òkè ní ìpele méje. Gbogbo wọn fẹ́ lọ fi ojú rí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni ẹni tó lọ wòran jẹ ibi tó lọ wò? Bó bá ti san owó géètì, ṣé gbèsè tán nìyẹn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Lóòótọ́, àwa tí à ń gbé ní Agric, ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti títì márosẹ̀ Ìkòròdú títí wọ ọ̀nà Ìṣáwo, ibi tó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn ni àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Ọ̀sà la ní, a ò ní òkè. Bí oṣù keje àti oṣù kẹjọ bá sì dé, àwa ará Èkó á ní "summer" ti dé, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀! Fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa, lẹ́sìn ni "summer" túmọ̀ sí, kì í ṣe fàájì. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń kán ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ lẹ́sìn láti kúrò nílé. Ọkọ̀ á gba Ṣàgámù. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta á yà sí òsì, ẹni tó ń lọ sí Ìdànrè á gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè kọjá lọ. Tí òkè bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ọkọ̀ á pariwo, fóònù á jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí òkè wọ̀nyẹn jẹ́ kí wọ́n tó di ibi ìgbafẹ́.

Ẹ mú Olúmọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 137 sí ojú òkun. Kì í ṣe nítorí fọ́tò ni àwọn Ẹ̀gbá fi lọ síbẹ̀. Ogun ló tú àwọn ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ àpáta náà ní 1830. Ibẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wá. Ihò tó wà lábẹ́ àpáta, tí àwa ń tẹ̀ ba wọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, yàrá ni fún àwọn tó sá wá síbẹ̀. Àwọn kòtò kéékèèké tó wà nílẹ̀ àpáta, ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ ohun tí wọn yóò jẹ ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó wá ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864, ìlú tó wà lábẹ́ àpáta yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Ẹ tún wo Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó gun òkè ibẹ̀ lé ní 600, tí wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n. Bí èèyàn bá dókè tán, ìlú ló máa bá níbẹ̀, ìlú tí kò séèyàn nínú rẹ̀ mọ́: ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà. Òkè tó yí wọn ká ni odi wọn. Lẹ́yìn tí ogun rọlẹ̀, ní àwọn ọdún 1920 sí 1930 ó lé díẹ̀, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ wọn wà títí dòní. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kó tó di ogún ayé, ilé onílé ni.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni fàájì níbẹ̀. A kì í jó lórí ibojì." Èmi ò gbà. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ń lọ ata lábẹ́ Olúmọ, tó ń fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kí ọ̀tá má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Bí a bá lè sọ fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aráyé á máa pariwo ẹ̀rín lórí àpáta yìí, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbé ìbọn sí i, ṣé ó máa bínú? Mo rò pé á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ dúpẹ́. Àlàáfíà tí a fi ń ṣeré níbẹ̀ ni ohun tó ń wá. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rín wa ló burú. Ohun tó burú ni ká máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wọ ilé tí kò lónílé.

Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Olúmọ rí. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré kan lẹ́bàá àpáta. Ọmọkùnrin kan nínú wa kàn gbé fóònù sí wọn lójú ni. Màmá fa ìborùn bojú. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè rí ojú wọn yà. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ kí Màmá ná." Ó ní, "Ṣebí mo ti sanwó ní géètì!" Màmá wá dáhùn lábẹ́ ìborùn pé, "Ọmọ mi, o ò tíì rí mi tí o fi ń yà mí?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ló kúnlẹ̀ tó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ kúulé." Màmá ṣíjú, wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀nà. Níbo lẹ ti wá?" Ó ní Ìkòròdú ni, mà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un. Kò sẹ́ni tó tún rántí fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn wò dáadáa, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. "Mo ti sanwó." Owó géètì dára. Òun ni wọ́n fi ń tún ibẹ̀ ṣe, òun ni wọ́n fi ń sanwó òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí lo rà gan-an? Tí o bá wọ mọ́tò láti Mile 12 dé Agric, tí o sì fún kọ́ńdọ́ lówó, ìjókòó lo sanwó fún. O ò ra kọ́ńdọ́. O ò sì ra ẹni tó jókòó tì ọ́, tí o fi máa gbé ẹsẹ̀ lé e lórí. Bákan náà, owó géètì ra àyè láti kọjá. Kò ra ojú ẹni tó ń gbébẹ̀, kò sì ra àṣẹ láti fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ sára àpáta tí òjò ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè fọ̀ kúrò.

Àwọn mìíràn ò sọ ti owó, ti ẹ̀sìn ni wọ́n ń sọ. "Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò lè kí òrìṣà." "Mùsùlùmí ni mí." Ẹ̀rí ọkàn nìyí, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ kí òrìṣà? Èèyàn ni mo ní kí ẹ kí. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn forí balẹ̀ àti kó kágò. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ, o máa ní, "Àgò onílé o!" Wọ́n á dáhùn pé, "Àgò yà." Ṣé o bọ ilé náà ni? O kàn gbà pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ ni.

Ta ni kò sì mọ̀ nínú ẹlẹ́sìn pé òkè kì í ṣe ilẹ̀ lásán? Mósè dé orí òkè, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Àwọn tó lọ sí Hajj ń dúró ní Àráfà láti tọrọ àforíjì. Àwọn ará wa nínú ìjọ aládùúrà ń gun orí òkè lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje. Wàyí o, bí ìwọ bá wà lórí òkè àdúrà, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ, tí àjèjì kan wá gbé fóònù sí ọ lójú, tó ń rẹ́rìn-ín, kí lo máa pè é? Orúkọ tí o bá pè é, òun náà ni ìyá tó wà nídìí ojúbọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wá.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló sì le jù. Bí èèyàn bá kágò, tí onílé wá ní "Má wọlé" ńkọ́? Ní Australia, àpáta pupa ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Uluru, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 348 láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn Anangu ló nilẹ̀ ibẹ̀ látayébáyé. Ìjọba dá ilẹ̀ náà padà fún wọn ní 1985, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń bá a lọ láti máa gun àpáta náà. Àwọn Anangu ri pátákó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé ibi ọ̀wọ̀ ni lójú àwọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Wọn ò lo kùmọ̀. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan gùn ún lọ níwájú pátákó náà. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé wọn yóò ti ọ̀nà náà pa ní oṣù kẹwàá 2019. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́ ni àwọn èèyàn ń wọ́ tìrítìrí lọ gùn ún, kí ilẹ̀kùn tó tì.

Àwọn tó tò síbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ràn òkè, wọ́n ti tọ́jú owó, wọ́n ti rìn jìnnà. Mo mọ bó ṣe máa ń dunni tí a bá ti ọ̀nà jíjìn dé, tí wọ́n ní ká padà. Síbẹ̀, ẹni tó kágò tí kò sì múra tán láti gbọ́ "rárá," kò kágò. Ariwo lásán ló pa lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí a ti ń mọ àlejò yàtọ̀ sí ẹni tó fipá wọlé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onílé á ní ká máa bọ̀. Ọjọ́ tó bá ní ká dúró ni a ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìkíni wa.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kágò fún òkè? Kò le, jàre. Kí á béèrè orúkọ ibi tí a dúró sí ká tó ya á. Kí á kí ẹni tí a bá níbẹ̀, ká sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó yà á. Bó bá ní rárá, ká dúpẹ́. Ọ̀rá omi tí a mu, ká kì í sínú báàgì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, tí amọ̀nà ní àpáta ń yọ̀, kí á má gun ibẹ̀, ká gbọ́ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ló fi ríran níbẹ̀; àwa kàn lójú ni.

Ẹ̀yin ará Agric ẹlẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí á di ìran fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Ọ̀sà wa ń bẹ níbẹ̀, àwọn apẹja wa ń bẹ níbẹ̀, àwọn ìyá wa ń yan ẹja nínú èéfín. Bí àjèjì bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́la tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó dojú kọ ìyá ẹ níbi tó ti ń fẹ́ná, kí lo máa fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ? Ohunkóhun tí ìdáhùn rẹ bá jẹ́, mú un dání nígbà tí o bá ń lọ sí orí òkè.