Àlejò Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ ilé-ìwé kan bi mí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí n kò tí ì lè gbàgbé títí di òní. Àròkọ ni mo ń kọ́ wọn ní ọjọ́ náà, mo sì fi abúlé kékeré kan tí ó wà ní orí òkè ní agbègbè Àkókó ṣe àpẹẹrẹ. Mo sọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti tutù tó, bí ọyẹ́ ti máa ń bo orí àpáta ní òwúrọ̀ bí aṣọ funfun, àti bí àwọn ará ibẹ̀ ti lawọ́ tó, tí wọ́n ń fi iyán àti ẹran adìyẹ ṣe àlejò. Mo wá fi kún un pé ìwà ọ̀lẹ ni ó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan, tí abúlé tirẹ̀ náà wà ní orí òkè, nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, oṣù wo ni ẹ lọ?”

Mo dá a lóhùn pé oṣù Ọ̀pẹ́ ni. Ó dúpẹ́, ó sì jókòó. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí abúlé náà, oṣù Ọ̀pẹ́ sì ni nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà ìsinmi Kérésìmesì; n kì í sì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí ó rí ibì kan ní ìgbà kan ṣoṣo nínú ọdún lè sọ pé òun mọ ibẹ̀? Bí ó bá sì yin ibẹ̀ nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣé òótọ́ ni ó sọ ni, tàbí irọ́? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé àṣírí ilé ni òwe náà ń sọ. Nísinsìnyí mo rí i pé ó kan ọjọ́ tí àlejò fúnra rẹ̀ yàn láti wá.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó gbé àwọn ènìyàn dé orí òkè. Kì í ṣe ẹwà ibẹ̀ ni wọ́n wá lọ. Ogun ni púpọ̀ nínú wọn sá fún. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn jagunjagun Tápà ń kó ará Àkókó lẹ́rú, ogun Kírìjì sì da ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rú láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893. Ẹni tí ó bá wà ní orí àpáta yóò rí ọ̀tá láti òkèèrè, yóò sì lè yí òkúta lù ú. Nígbà tí ogun tán, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1923 ni àwọn ará Ìdànrè kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ tí ó wà lórí òkè, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò ń gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 lọ wo ààfin Ọwá àtijọ́ níbẹ̀. Mo ti bá wọn gùn ún rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a máa dárò pé irú ibi dáradára bẹ́ẹ̀ di ahoro, wọn a sì tún sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọdún tí ọmọbìnrin náà bi mí léèrè, mo lọ sí abúlé náà ní oṣù Ẹrẹ́nà. Òjò kò tí ì rọ̀. Àpáta kì í gba omi dúró. Bí òjò ti ń rọ̀ ni omi ń ṣàn lọ sí àfonífojì, ilẹ̀ tí ó bo òkúta kò sì nípọn tó èyí tí a lè gbẹ́ kànga sí. Nítorí náà ìsàlẹ̀ òkè ni àwọn obìnrin ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a ti jí kí àkùkọ tó kọ, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń sun jáde nínú ìsun náà, ahá ni wọ́n sì fi ń bù ú sínú garawa. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò bá ẹrẹ̀. Mo bá wọn lọ ní òwúrọ̀ kan. Garawa kékeré ni wọ́n fún mi, síbẹ̀ mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gun òkè náà tán. Àwọn ọmọdé tí òṣùká wà lórí wọn kọjá lára mi, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà,” wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo rántí pé ní oṣù Ọ̀pẹ́, garawa méjì ni mo máa ń fi wẹ̀ ní òwúrọ̀, méjì sì ni ní alẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá tí ó máa ń gbà mí sílé mú mi lọ sí oko. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ebè ni kò sí iṣu nínú wọn. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní èbù kò tó ní ọdún náà, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, tí mo tún mẹ́nu kan ebè òfìfo wọ̀nyẹn, ọmọ kékeré kan nínú ilé, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ní, “Ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́ nígbà Kérésì.” Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu, gbogbo wa sì dákẹ́. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ ilé-ìwé fún ọdún púpọ̀, n kò mọ̀ pé èmi ni àlejò náà.

Mo rò pé mo ti gbọ́n. Nígbà tí mo tún lọ ní oṣù Agẹmọ, mo ra àpò gàrí kan àti ẹja gbígbẹ, mo sì wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó bá mi rù wọ́n. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà di ọ̀bọ̀rọ́, àpáta ń yọ̀ bí ilá. Iṣu àtijọ́ ti tán, tuntun kò sì tí ì tó wà. Bàbá wo ẹrù náà títí, ó ní, “Tíṣà, ta ni ó sọ fún yín pé ebi ń pa wá?” N kò rí èsì fọ̀. Mo fẹ́ gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ gbèsè, mo sì gba ipò onílé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro ju bí mo ti rò lọ. Bí a bá lọ kìkì ní ìgbà tí ó dára, ìmọ̀ wa kò pé, ìyìn wa sì lè di ẹ̀gàn fún ẹni tí ń ru omi. Bí a bá sì lọ ní ìgbà ìnira, a di ẹrù mìíràn lórí ẹni tí ó ti rù tó. Àwọn kan yóò ní kí a kúkú jókòó sí ilé wa. N kò fara mọ́ èyí, nítorí ẹni tí kò bá lọ rárá yóò ṣì máa sọ̀rọ̀ nípa wọn, bóyá yóò tilẹ̀ máa pàṣẹ fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ nítorí pé ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí èmi kò gbé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àgbàdo sísun ni a jẹ ní alẹ́ náà. Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde, nítorí náà a sọ̀rọ̀ ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Bàbá sọ fún mi pé àkọ́bí òun fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò ní ìsàlẹ̀, òun sì ti fún un ní àṣẹ. Ó ní, “Òkè yìí gba àwọn bàbá wa là. Ṣùgbọ́n ogun wọn ti tán. Omi ni ogun tiwa. Ṣé kí n so ọmọ mi mọ́ àpáta, kí àlejò lè rí nǹkan wò ni?” Ní òwúrọ̀, mo rí i tí ìyàwó rẹ̀ bu gàrí náà fún opó kan ní ilé kejì. Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, Bàbá di àgbàdo ogún fún mi, mo sì gbà á.

Mo padà sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì náà pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, mo ránṣẹ́ sí Bàbá pé n kò ní wá ní oṣù Ọ̀pẹ́, kí èbù lè tó. Ó ránṣẹ́ padà pé kí n wá, ṣùgbọ́n kí n má ṣe lọ ní ọjọ́ kẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Kí n dúró títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè, kí n sì mú ọkọ́ tèmi lọ́wọ́.