Ta Ni Yóò Pẹ̀tù sí Ọkàn Ẹni Tó Pàdánù?

Ṣẹ́ẹ̀sì kò dà bíi lúdò tí èèyàn lè di ẹ̀bi ru dáìsì. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń gbé ọmọ ayò tó máa pani. Ìṣòro kóòṣì sì nìyẹn: báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọmọdé pé òun ló ṣàṣìṣe, tí kò fi ní gbà pé òun kò wúlò?

Lọ́jọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Singapore, Gukesh Dommaraju, ọmọ ọdún 18 láti Íńdíà, pàdánù eré àkọ́kọ́ nínú 14 tí òun àti Ding Liren ará Ṣáínà fẹ́ fi du ipò ọ̀gá àgbáyé. Lẹ́yìn eré náà, ó pàdé Viswanathan Anand nínú lífítì. Anand náà pàdánù eré àkọ́kọ́ nínú ìdíje fún ipò yìí kan náà ní Sofia lọ́dún 2010, kó tó wá borí Veselin Topalov. Kò ní kí ọmọ náà má banú jẹ́. Ó ní eré 11 péré ló kù fún òun nígbà yẹn. 13 ló kù fún Gukesh.

Ìṣirò lásán ni, àmọ́ ẹni tírú rẹ̀ ti ṣe rí ló ṣe é. Gukesh borí nínú eré kẹta.

Gukesh tún ní Paddy Upton, ará South Africa, tó ń bá a tọ́jú ọkàn. Àwọn kan ṣì gbà pé ọ̀gá ayò gbọ́dọ̀ le bí òkúta. Ó dára, nígbà tí Ding juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù kejìlá, Gukesh bú sẹ́kún, ó sì ń to àwọn ọmọ ayò padà sáyè wọn bó ti ń sunkún. Ọ̀gá àgbáyé ni!

Ní Májídùn, n'Íkòròdú, níbi tí Tunde Onakoya ti bẹ̀rẹ̀ Chess in Slums Africa, àjọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní ṣẹ́ẹ̀sì, lọ́dún 2018, ọ̀rọ̀ náà tún gba ẹ̀sọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí aráyé ti fojú pa rẹ́ tẹ́lẹ̀, bó bá pàdánù, ó lè rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kí kóòṣì má tíì fọwọ́ kan ìwé tó kọ eré rẹ̀ sí. Kó jẹ́ kó jẹun, kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ẹ̀rù ti bà á tàbí tó ti kánjú. Bí kóòṣì bá sì láyà, kó gbé ọ̀kan kalẹ̀ nínú àwọn eré tí òun fúnra rẹ̀ ti pàdánù, kí ọmọ náà bá a wá àṣìṣe inú rẹ̀.