Afẹ́fẹ́ Kò Mọ Ọjọ́ Tí Líìfù Máa Parí

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lónìí: tí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ níye bá fẹ́ bá afẹ́fẹ́ rìn, ta ni kó dúró de ẹnì kejì?

Ẹ wo àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣe fàájì láti Miami lọ sí Bimini, ní Bahamas. Bíi kìlómítà 80 ni, ìrìn ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n Gulf Stream, omi tó ń ṣàn bí odò láàárín òkun, wà lójú ọ̀nà, àríwá ló sì ń ṣàn lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá wá, òun àti omi á kọlu ara wọn, ìgbì á ga, á sì súnmọ́ra, débi pé àwọn tó mọ ọkọ̀ wà kì í kọjá. Nígbà òtútù, irú afẹ́fẹ́ yìí lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Wàyí o, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ aládàáni fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi olówó. Ẹni tó bá rí ọ̀sẹ̀ méjì gbà mọ iyì rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọjọ́ Àìkú ti dé, iṣẹ́ ń dúró láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́, ìyàwó àti ọmọ wà nínú ọkọ̀. Kí ni kí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe?

Ẹ máa ní, "Sùúrù ni baba ìwà, kó jókòó." Òótọ́ ni. Àmọ́ tí kò bá dé, ẹlòmíì ló máa ru ẹrù rẹ̀, bóyá ẹni tí líìfù tirẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Sùúrù tí ẹlòmíì ń san owó rẹ̀, ṣé sùúrù ni?

Lójú tèmi, ọjọ́ Àìkú ti pẹ́ jù fún ìbéèrè yẹn. Ìgbà ìmúra ni ìwà ti ń hàn. Àwọn atukọ̀ máa ń sọ pé o lè dá ọjọ́, o sì lè dárúkọ ibi, má ṣe dá méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ní ọjọ́ 14, kó kà á sí 10, kó fi 4 sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Tí ọ̀nà ò bá là, Florida Keys wà nítòsí, fàájì wà níbẹ̀ náà. Tó bá sì ti kọjá, kó yáa padà nígbà tí ọ̀nà ṣí, bí ọjọ́ tiẹ̀ ṣì kù.

Ibẹ̀ ló ti ń dunni: kéèyàn fi fàájì sílẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Tó bá ṣe gbogbo èyí, tí afẹ́fẹ́ ṣì dá a dúró, kó dúró. Ẹ̀bẹ̀ á tán ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó ń dá ẹni tó bá omi lọ padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ètò tó ṣeé yí kì í ṣe àìní ètò. Ire o.