Ó Ṣojú Mi

Bí ènìyàn bá wí fún wa pé ohun kan ṣojú òun kòró, ṣé ó di dandan kí a gbà pé ó mọ ohun náà? Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni ó gbé ìbéèrè yìí wá sí ọkàn mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi Erinlẹ̀ bá fà ní Ẹdẹ níhìn-ín, tí ẹrọ̀fọ̀ sì yọ síta, irú etí omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tí ó ti Yúróòpù wá máa ń wá kòkòrò jẹ sí. Méjì nínú wọn, green sandpiper àti wood sandpiper, jọra bí ìbejì. Ìdí àwọn méjèèjì funfun. Ìgbà tí wọ́n bá fò ni o tó lè rí i pé abẹ́ apá èkíní dúdú, ti èkejì sì mọ́ díẹ̀. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ dùndún ní ìlú Tìmì wa kò ní í bá mi jiyàn: ohùn kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, èyí tí etí sì ń retí ni ó máa ń gbọ́.

Bí a bá fi ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí pe èkejì, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo slender-billed curlew, tí àgógó ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, tí ó sì jọ àwọn curlew yòókù púpọ̀. Ní 1995 ni a rí i kẹ́yìn láìsí iyèméjì, ní Merja Zerga ní ilẹ̀ Mòrókò. Ní 1998 ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ẹyẹ kan ní Druridge Bay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òun ni. Àwọn onímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ní 2025 àjọ IUCN kéde pé irú ẹyẹ náà ti parun.

Èmi kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ọgọ́rùn-ún ojú tí ń fẹ́ ohun kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ojú méjì lọ. Àwọn kan yóò ní kí ẹni tí kò bá dá lójú pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èyí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́, ta ni yóò lọ wá ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí ó tán? Kí ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fún wa ní orúkọ nìkan. Kí ó sọ bí ó ti jìnnà sí ẹyẹ náà tó, bí oòrùn ti wà, ohun tí ó rí, àti pàápàá ohun tí kò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ni yóò gba orúkọ iyebíye náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Druridge ya àwòrán, wọ́n sì kọ bí ẹyẹ wọn ti rí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi lè padà bá wọn jiyàn.