Nílé Oúnjẹ Tó Ti Dàgbà

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Omi inú abọ́ nìkan kọ́ ni òwe yìí ń sọ. Ọmọ lè fọ ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi mọ́ kedere, kó tún dé ìdí oúnjẹ kó na ọwọ́ sí ẹran kí àgbà tó mú, tàbí kó máa sọ̀rọ̀ tòun ti òkèlè lẹ́nu. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì wẹ ọwọ́. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ọwọ́ wíwẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ibi tó jókòó sí, kó mọ ẹni tó jókòó tì, kó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣáájú ọwọ́ rẹ̀.

Ilé oúnjẹ náà máa ń dàgbà. Ní Lisbon, olú-ìlú ilẹ̀ Pọ́túgà, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Martinho da Arcada, ní ẹ̀gbẹ́ gbàgede ńlá tó kọjú sí odò Tejo. Ọdún 1782 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Tavares, tí òun náà wà nínú ìlú kan náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1784. Aláàfin Abíọ́dún ló ṣì wà lórí oyè ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà náà. Akéwì Fernando Pessoa, tó kú ní 1935, a máa jókòó sí Martinho, wọ́n sì ṣì ń tọ́jú tábìlì rẹ̀ níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àgbà lòun wọ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìlàjẹ, ará Abereke létí òkun, nínú ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ Potogí. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Púpurú tí à ń jẹ, gbáàgúdá ni. Gbáàgúdá kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ló sì gbé e dé etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àgbàdo bá ọ̀nà òkun yẹn wá, ata náà bá a wá. Ìyá tó rẹ gbáàgúdá sómi títí ó fi rọ̀, tó fún omi rẹ̀ dànù nínú àpò, tó mọ ọ́n ní ìṣù roboto, tó tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín fi sọ ara rẹ̀ di dúdú, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ti gba òkun kọjá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá wá mú ọ̀bẹ, tó ń họ èèpo dúdú yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, inú á jáde ní funfun báláú, òórùn èéfín á sì gba gbogbo àgbàlá. Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ Potogí, ọ̀rọ̀ àwọn tí a ti jọ ń pín nǹkan jẹ tipẹ́ là ń sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń da àlejò láàmú nílé oúnjẹ wọn ni ohun tí kò bèèrè. Bí o bá ti jókòó, kí o tó ṣí ìwé oúnjẹ, agbáwo á ti gbé búrẹ́dì síwájú rẹ, pẹ̀lú bọ́tà, èso ólífì nínú àwo kékeré, bóyá wàrà líle kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Couvert ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá á rò pé wọ́n ń ṣe òun lálejò. Kí ni kò ní jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀? Nílé tiwa, omi ni à ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò, lẹ́yìn rẹ̀ obì tàbí ohunkóhun tó bá wà nílé, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí ti fẹ́ mú kí onílé máa ro èrò burúkú. Á nawọ́, á jẹ, á máa yin onílé. Ìgbà tí ìwé owó bá dé ló tó máa rí i pé wọ́n ka búrẹ́dì lọ́tọ̀, ólífì lọ́tọ̀, wàrà lọ́tọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa tó dé ọ̀hún ń pè é ní jìbìtì.

Kì í ṣe jìbìtì. Àṣà ilé ni, òfin sì là á sílẹ̀. Nínú òfin ìṣòwò tí ìjọba Pọ́túgà gbé jáde ní 2015, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó oúnjẹ tàbí ohun mímu kankan, couvert pẹ̀lú, lọ́wọ́ oníbàárà tí kò bèèrè rẹ̀, àfi tí oníbàárà náà bá ti bà á jẹ́ débi tí kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn mọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí o kò fọwọ́ kàn, o kò jẹ gbèsè rẹ̀. Ojú ló yẹ kó ṣáájú ọwọ́ níbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́, sọ ọ́ ní kété tí wọ́n gbé e dé, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Agbáwo á kó o kúrò, inú kò ní bí i. Bí ó bá jẹ́ ólífì nìkan lo fẹ́, mú ólífì, kí o sì ti ìyókù sẹ́yìn. Èyí tí kò dáa ni kí ènìyàn gé búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó wá ráhùn nígbà ìsanwó pé òun kò pè é. Ní tèmi, n ó jẹ búrẹ́dì náà. Ilé tí kò bá lè ṣe búrẹ́dì tó dáa, kí ni n ó tún dúró de ẹja rẹ̀ fún?

Abéèrè kì í ṣìnà. Nílé oúnjẹ àtijọ́ wọn, ó dáa kí ènìyàn bèèrè ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà, prato do dia, nítorí èyí ni ọwọ́ alásè wà nínú rẹ̀ láàárọ̀, owó rẹ̀ ló sì sábà máa ń kéré jù. Kó tún bèèrè bí ìwọ̀n àwo kan ṣe tó. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwo odindi kan lè yó ènìyàn méjì. Wọ́n ní ìdajì àwo, meia dose, fún ẹni tó dá wá. Àlejò tó pe odindi nítorí pé owó wà lápò rẹ̀, tó wá fi ìdajì sílẹ̀, àlejò tí wọn kò ní tètè gbàgbé ni, àmọ́ kì í ṣe fún rere.

Ẹja ni mo fẹ́ jókòó lé díẹ̀. Bacalhau ni oúnjẹ tí gbogbo Potogí fi ń yangàn: ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹja yìí kò sí nínú omi Pọ́túgà. Òkun tútù ní àríwá ló ti ń wá, láti Norway ní pàtàkì. Kí ó tó ṣeé jẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ kan sí méjì, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà léraléra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ ló máa jẹ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n á bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, ẹyin àti ewé kábéèjì, wọ́n á da òróró ólífì lé e lórí. Ọjọ́ mìíràn, wọ́n á fà á ya wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin àti ànàmọ́ tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ dín. À Brás ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Èmi tí mo ti rí ẹja gbígbẹ tí à ń pè ní okporoko nínú ìkòkò, báwo ni n ó ṣe pe bacalhau ní àjèjì? Ẹja kan náà ni, láti òkun kan náà; afẹ́fẹ́ tútù Norway nìkan ló mú tiwa gbẹ, láìsí iyọ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń rà á jù lágbàáyé. Àwọn ìyá wa náà mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ títí yóò fi gbà. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá jókòó nílé oúnjẹ Potogí tó ń wo aago, tó ń pe agbáwo léraléra pé ṣé ẹja òun kò tíì jinná, kò mọ̀ pé láti ìjẹta ni wọ́n ti ń se ohun tó pè. Kó má sì bèèrè ata kó tó tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé ìyẹn nira fún wa. Ṣùgbọ́n ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní piri-piri wà níbẹ̀, etí òkun Áfíríkà ni wọ́n sì ti kọ́ jíjẹ rẹ̀. Bí o bá tọ́ oúnjẹ wò tán, tí o rọra bèèrè, wọ́n á gbé e wá.

Nílé oúnjẹ Potogí, wọn kì í gbé ìwé owó wá láìjẹ́ pé o bèèrè. Ọ̀pọ̀ wa á jókòó, á máa bínú pé wọ́n gbàgbé òun. Wọn kò gbàgbé rẹ. Lójú tiwọn, ẹni tó bá gbé ìwé owó síwájú rẹ láìpè ń lé ọ jáde ni. Níbi búkà ní Èkó, ẹni tó jẹun tán tó ṣì jókòó ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ ibẹ̀ ni kó dìde.

Ẹ jẹ́ kí á yí i padà. Bí ọmọ Lisbon kan bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbọ́kọ̀dá tó sì dé Abereke, tí wọ́n gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú rẹ̀, òfin tó mú bọ̀ láti ilé kò ní wúlò. Òkèlè là ń gbé mì, a kì í rún un. Ọbẹ̀ là ń fi jẹ òkèlè, ẹja dìgbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n gbé wá láìbèèrè níbí, tí ó bá bèèrè iye rẹ̀, ó bú onílé. Kí ó sì rántí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn ilé tó ń retí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àwo.

Èkó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ tó dàgbà nígbà kan. Ní 1855, ìdílé Fernandez kọ́ ilé alájà kan sí gbàgede Tinúbú ní ìlànà àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, Ilojo Bar sì ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko tí òfin fi dáàbò bò ó, èèyàn mélòó ló wọlé lọ jókòó níbẹ̀ kó jẹun? Ìkéde kì í bọ́ ilé. Martinho ṣì wà nítorí pé àwọn ènìyàn ṣì ń lọ jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án òní.

Oúnjẹ àwọn Àgùdà kò bá ilé yẹn wó. Frejon ṣì ń jáde lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Ẹtì Rere: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀ pátápátá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà se lórí iná jẹ́jẹ́. Ó ń dùn bí oúnjẹ ọmọdé, ọbẹ̀ ata ẹja sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, gàrí díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí á kọ́kọ́ fajú ro. Kó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì kó tó sọ̀rọ̀. Kò sí pátákó kankan ní Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn ní Èkó, tí yóò tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó yẹ kí ènìyàn kàn. Kó ti mọ ẹnìkan ṣáájú, kó lọ kí wọn láàárọ̀. Bí ó bá fẹ́ mú nǹkan dání, kó má mú ẹran, nítorí ẹran kì í wọ ilé wọn lọ́jọ́ náà. Ẹja gbígbẹ láti Ìlàjẹ ni kó gbé lọ.