Bí Ẹ̀ṣẹ̀ Bá Hàn Gbangba, Ẹjọ́ Wo Ló Tún Kù?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá sí Okokomaiko, tó ń gba géètì Ìbà wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, lè pàdánù gbogbo ọdún tó ti lò nítorí bébà pélébé kan tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí olùṣọ́ ìdánwò bá fojú ara rẹ̀ rí i, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn rere ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti hàn jù lọ gan-an ló ti pọn dandan kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Ní 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maiduguri fa rògbòdìyàn, wọ́n ba dúkìá jẹ́. Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì ni alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ilé tirẹ̀ wà lára àwọn tó jóná. Wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Nígbà tí ẹjọ́ Garba, ọ̀kan lára wọn, dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, àwọn adájọ́ fagi lé ìyà náà ní 1986. Wọn ò sọ pé iná kò jó ilé náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ kò lè jókòó dá ẹjọ́ iná, àti pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ láǹfààní láti fèsì sí ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ lé e lórí.

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé Ọlọ́run bi Ádámù léèrè kó tó dá a lẹ́jọ́. Adájọ́ Fortescue fi èyí ṣe ẹ̀rí nínú ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Bentley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1723. Ẹni tó mọ ohun gbogbo kò wá ìròyìn. A jẹ́ pé kì í ṣe òtítọ́ nìkan là ń wá nígbà tí a bá ń gbọ́ tẹnu èèyàn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a ń san fún un. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, láìkọ́kọ́ wádìí bóyá ìdájọ́ rẹ̀ bọ́ sí i.

Àwọn kan á ní èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, àwọn ọ̀daràn yóò sì máa fi lọ́yà ṣeré. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí yunifásítì di kóòtù. Nínú ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Magit, ní 2005, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kan náà kọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ máàkì àti ìwé ẹ̀rí. Lẹ́tà tó sọ ẹ̀sùn náà yékéyéké, ọjọ́ díẹ̀ láti múra sílẹ̀, ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí olùṣọ́ tó mú un má sì jókòó láàárín àwọn tó máa dá ẹjọ́: kò ju ìyẹn lọ, ọ̀sán kan sì tó láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá sì lé lẹ́yìn ìyẹn, ó mọ ohun tó ṣe.