Ọ̀bẹ Ọmọdé

Bí ọ̀bẹ kékeré tí a ń pa dé sínú èkù rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà, ìgbà èwe rẹ̀ a padà wá: ọsàn tí ó fi í bó, igi kànnàkànnà tí ó fi í gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó ha tọ́ kí a fi ohun mímú lé ọmọdé lọ́wọ́ bí?

Àwọn alágbẹ̀dẹ pàápàá ro ewu rẹ̀. Irú èyí tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1890, a fi òrùka irin sí i ní 1955, kí ó má baà pa dé mọ́ ìka. Òrùka lè dáàbò bo ìka; kò lè kọ́ni ní ìwà. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rí. Ẹni tí ó jókòó tì í títí ó fi mọ ọ̀bẹ lò ni yóò máa rántí. Olùkọ́ tí ó kàn gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀rù ni ó kọ́ ọ, kì í ṣe ọgbọ́n.